Ṣòkòtò Tí Kò Ṣeé Tú

Ọ̀rẹ́ mi ni, ṣùgbọ́n ó máa ń bí mi nínú. Ó ti pẹ́ tí èmi àti òun ti jọ ń lo ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan náà fún iṣẹ́. Télọ̀ ni òun. Èmi ń tún bàtà ṣe. Ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ wà lápá ọ̀tún, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé dáadáa. Àpótí irinṣẹ́ tèmi wà lápá òsì, níbi tí òjò ti ń fẹ́ síni lára. Kí ló dé tí a fi pín in báyẹn? Nítorí pé ó fi ọ̀sẹ̀ kan péré ṣáájú mi dé ibẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan yẹn ló fi ń ṣe ẹ̀gbọ́n lé mi lórí títí dòní.

Tú-u-díẹ̀ là ń pè é ní àdúgbò, orúkọ náà kì í sì í ṣe èébú. Bí ẹnì kan bá gbé aṣọ tí kò gba ara rẹ̀ mọ́ wá, tí ojú ń tì í, tó ń sọ pé ọṣẹ ló sọ aṣọ náà di kékeré, ọkùnrin yìí kì í jiyàn. Yóò yí inú aṣọ síta, yóò fi ìka ra ojú ìrán, yóò ní, "Ẹ má dààmú, màmá. Ọṣẹ ayé ìsinsìnyí ò dáa. A ó tú u díẹ̀." Kò sí aṣọ tó jáde lábẹ́ abẹ́rẹ́ rẹ̀ tí kò fi àyè sílẹ̀ nínú. Àwọn télọ̀ mìíràn máa ń gé etí aṣọ dànù kí ìrán lè mọ́ tónítóní. Tirẹ̀ kọ́. Ó ní ara ènìyàn kì í dúró lójú kan, aṣọ sì gbọ́dọ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá sanra wọ ìsọ̀ rẹ̀ á jáde bí ẹni tí kò sanra rárá, inú rẹ̀ á sì máa dùn lọ sílé.

Ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò rò ni pé oníbàárà tó ń tú aṣọ jù lọ nínú ìsọ̀ náà, òun fúnra rẹ̀ ni.

Tú-u-díẹ̀ ní ẹ̀gbọ́n kan, obìnrin, tó ń pè ní Àǹtí. Obìnrin yìí ló tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn tí ìyá wọn kú. Òun ló fi owó iṣẹ́ rẹ̀ ra ẹ̀rọ ìránṣọ tó fi kọ́ṣẹ́. Ìlú ńlá kan létí òkun ló ń gbé. Láti ọ̀dọ̀ wa, ọkọ̀ ojú irin ní láti sùn lójú ọ̀nà kó tó débẹ̀. Àjà òkè pátápátá nínú ilé gíga kan ni yàrá rẹ̀ wà, ilé náà kò sì ní ẹ̀rọ tó ń gbéni gòkè, àfi àtẹ̀gùn. Ọkọ rẹ̀ ti kú, ọmọ rẹ̀ wà lókè òkun, orúnkún sì ti ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ó ti pẹ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kan ilẹ̀ ìta. Àwọn aládùúgbò ló ń bá a ra nǹkan wá. Wọ́n fẹ́ ràn án lọ́wọ́ kó lè máa sọ̀kalẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rù àtẹ̀gùn ń bà á, ó sì ní òun kò lè jẹ́ kí ẹni tí kì í ṣe ara òun di òun mú lójú ibi tí òun ti lè ṣubú.

Lọ́dọọdún ni Tú-u-díẹ̀ ń sọ fún un pé òun ń bọ̀. Lọ́dọọdún ni owó kì í pé. Etí fóònù rẹ̀ ti bàjẹ́, kò lè gbọ́ nǹkan àfi bó bá ṣí ohùn rẹ̀ síta, nítorí náà gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ la jọ máa ń gbọ́ ìlérí náà. Ọdún tó ń bọ̀, Àǹtí. Bí iṣẹ́ bá ti yá díẹ̀, Àǹtí. Ẹ sáà máa gbàdúrà, Àǹtí. Nígbà tó yá, mo ti mọ ìlérí náà sórí.

Ní ọjọ́ kan, ó tún fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Àǹtí dá a dúró.

"Àbúrò mi, mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́ ní nǹkan kan. Má sọ fún mi mọ́ pé ò ń bọ̀."

"Àǹtí, ẹ má bínú, lọ́dún yìí mo —"

"Mi ò bínú o. Ṣé o mọ̀ pé bí o bá ti sọ pé ò ń bọ̀, mo máa ń gbá yàrá kejì? Mo máa ń tẹ́ ibùsùn síbẹ̀. Ó ti ń sú mi láti máa tẹ́ ẹ. Jẹ́ ká kàn máa kí ara wa báyìí. Ó tó."

Ó ní kó bá òun kí ìyàwó rẹ̀, ó kí èmi náà, "Oníbàtà, ẹ kú iṣẹ́ o," ó sì pa fóònù. Tú-u-díẹ̀ jókòó, ó gbé ọwọ́ lé ẹ̀rọ, kò rán nǹkan kan. Èmi náà doríkodò sórí bàtà tó wà lọ́wọ́ mi, mo ń gbá ìṣó tí mo ti gbá wọlé tẹ́lẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí, inú sì tún bí mi sí i. Kí ló dé tí àgbàlagbà yóò fi ìlérí pa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́kún?

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó ní òun ń lọ ra bọ́tìnnì. Àjà kejì ni ìsọ̀ oníbọ́tìnnì wà. Kò pẹ́ tí wọ́n fi wá pè mí pé ọ̀rẹ́ mi jókòó sórí àtẹ̀gùn, kò lè gòkè, kò lè sọ̀kalẹ̀. Mo sáré débẹ̀. Òógùn bò ó, ojú rẹ̀ ń ṣú. Èmi àti oníbọ́tìnnì la jọ dì í mú dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì tó wà ní títì kejì.

Nọ́ọ̀sì yìí kò ju ọmọ wa lọ, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ le. Ó wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó mi orí. Ó ní kó gorí ìwọ̀n, ó tún mi orí.

"Bàbá, ẹ̀jẹ̀ yín ń ru, ìtọ̀ ṣúgà sì ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ sanra jù."

"Èmi?" Ẹnu ya Tú-u-díẹ̀. "Nọ́ọ̀sì, ìwọ̀n yín ti bàjẹ́. Ẹ wo ṣòkòtò mi yìí. Ọdún tí mo gba ìsọ̀ ni mo rán an. Bó ṣe wọ̀ mí nígbà náà ló ṣe wọ̀ mí lónìí."

"Ta ló rán an?"

"Èmi náà ni."

"Ẹ ò tú u rí?"

Ọkùnrin yìí fi ọwọ́ kan ìbàdí ara rẹ̀. Ó yí ìbàdí ṣòkòtò náà síta níwájú wa. Ojú abẹ́rẹ́ àtijọ́ tò síbẹ̀, ìlà kan lẹ́yìn òmíràn, títí dé etí aṣọ pátápátá. Kò sí àyè mọ́ nínú rẹ̀. Ó fi ìka tọ ìlà wọ̀nyẹn láti òpin dé ìbẹ̀rẹ̀, ó sì wò mí.

"Oníbàtà, o rí nǹkan yìí, o ò sọ fún mi?"

"Ibo ni n óo ti rí inú ṣòkòtò ẹ?" ni mo fi dá a lóhùn. Nọ́ọ̀sì bú sẹ́rìn-ín.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, nítorí ọ̀rọ̀ náà ya èmi gan-an lẹ́nu. Bí èmi tàbí ìwọ bá ń sanra, ṣòkòtò wa ni yóò kọ́kọ́ bá wa wí. Yóò kọ̀, bọ́tìnnì yóò já, a ó sì mọ̀ pé nǹkan ti ṣe wá. Ṣùgbọ́n télọ̀ ni tirẹ̀. Bí ṣòkòtò bá ti fẹ́ sọ̀rọ̀ báyìí, ó ti tú u díẹ̀. Kì í tilẹ̀ rò ó. Bí ènìyàn ṣe ń nu ojú ni tirẹ̀. Ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní ń bá ni rí tẹni, òun tó sì ń fi téèpù wọn ìbàdí gbogbo àdúgbò kò fi wọn tirẹ̀ rí.

Ó bi nọ́ọ̀sì bóyá òun lè rìnrìn àjò. Nọ́ọ̀sì ní ẹni tó jókòó sínú ọkọ̀ ojú irin kò níṣòro. Ó wá sọ fún un nípa ilé Àǹtí. Nọ́ọ̀sì béèrè iye àjà tó ní, ó sì rẹ́rìn-ín tí kò dùn. Ó ní, "Bàbá, ti oníbọ́tìnnì lẹ kò tíì gùn tán."

Mo sìn ín délé. Ìyàwó rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń yan búrẹ́dì, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni, ìyẹ̀fun sì wà létí irun rẹ̀. Obìnrin tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀ ni, ṣùgbọ́n bó bá sọ ọ́, ibi tó yẹ kó bà ni yóò bà. Yàrá wọn kò tóbi: ibùsùn kan, tábìlì kan tí ọkọ fi ń gé aṣọ bí iṣẹ́ bá pọ̀, àti fèrèsé tó kọjú sí ògiri onílé kejì. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì tán, ó sì gbọ́ ti Àǹtí. Ọkọ rẹ̀ ní ká tilẹ̀ ní ara yá, owó dà?

"Bí wọ́n bá gbé aṣọ wá fún ẹ," ni ìyàwó bi í, "kí lo kọ́kọ́ ń gé?"

"Iwájú àti ẹ̀yìn."

"Lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́?"

"Apá. Kí ló dé?"

"Àpò dà?"

Tú-u-díẹ̀ fẹ́ẹ̀ bínú. "Àpò? Àjákù la fi ń ṣe àpò. Ta ló ń kọ́kọ́ gé àpò? Bí mo bá gé àpò sáàárín aṣọ, níbo ni n óo ti rí ẹ̀yìn gé?"

"Bàbá wa," ni obìnrin náà wí, ohùn rẹ̀ kò sì ga rárá, "kí ló dé tó fi jẹ́ àpò lò ń kọ́kọ́ gé nínú owó?"

Ọkọ wo tábìlì tó fi ń gé aṣọ. Èmi náà wo ilẹ̀, nítorí mo mọ ohun tó ń sọ. Láàárọ̀, kẹ̀kẹ́ akérò ló ń gbé e wá sí ìsọ̀, bẹ́ẹ̀ ibi tó ti ń wá kò jìnnà. Bí oòrùn bá yọ, ẹlẹ́rìndòdò tútù. Bó bá di ọ̀sán, nǹkan díndín, kó sì tún fi ẹlẹ́rìndòdò mìíràn tì í. Òun nìkan kọ́ ló ń mu ún o, gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló ń rà á fún, èmi ni mo sì máa ń lọ gbé e wá. Bí owó òwú aṣọ ẹnì kan bá tán, yóò gba àsansílẹ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Owó ọ̀la ló ń tú wá bo ti òní. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé, ọ̀rẹ́ mi sì ti ń ru igbá tirẹ̀ láìmọ̀.

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí gé owó bí ẹni ń gé aṣọ. Bí owó iṣẹ́ bá wọlé, wọn á kọ́kọ́ yọ ti ilé àti ti oúnjẹ. Ìyẹn ni iwájú. Wọn á yọ ti ọ̀nà Àǹtí. Ìyẹn ni ẹ̀yìn. Apá ni òwú, epo ẹ̀rọ àti oògùn tí nọ́ọ̀sì kọ. Ohun tó bá ṣẹ́kù, bó ti wù kó kéré mọ, ni àpò. Ìyàwó rẹ̀ ló ń gbé owó ọ̀nà lọ sínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ibi iṣẹ́ wọn, níbi tí ọwọ́ ọkọ kò lè tó. Wọ́n sì jọ fẹnu kò pé kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ sọ fún Àǹtí, títí tíkẹ́ẹ̀tì yóò fi wà lọ́wọ́.

Lẹ́yìn náà ni Tú-u-díẹ̀ rán ṣòkòtò ìrìn àjò. Aṣọ dúdú tó dára ni. Ó bi nọ́ọ̀sì bí ìbàdí òun ṣe yẹ kó rí, ó sì gé e sí ìwọ̀n yẹn, ṣòkòtò kan tí itan rẹ̀ pàápàá kò tíì lè wọ̀. Ó gbé e kọ́ sórí ìṣó ní iwájú ẹ̀rọ. Ó ní ọjọ́ tí òun bá lè de bọ́tìnnì rẹ̀ kí òun sì jókòó ni òun yóò ra tíkẹ́ẹ̀tì. Mo yí inú rẹ̀ wò. Àyè wà nínú rẹ̀, ó fẹ̀ dáadáa.

"Kí ni èyí?" ni mo bi í.

"Iṣẹ́ mi nìyẹn. Ọwọ́ mi ò gbà kí n gé e dànù."

Mo mọ̀ pé wàhálà ń bọ̀, mo sì fọwọ́ lẹ́rán.

Ẹsẹ̀ ló fi ń wá síbi iṣẹ́ báyìí. Ní ìbẹ̀rẹ̀, bó bá dé, yóò jókòó títí kó tó lè fi òwú sábẹ́rẹ́. Omi nínú ìgò ló ń mu. Ìyàwó rẹ̀ ń gbé búrẹ́dì àlìkámà tí a kò bó fún un, èyí tó le ju àtẹ́lẹ̀ bàtà lọ, èmi sì mọ àtẹ́lẹ̀ bàtà. Ó ń jẹ ẹ̀fọ́, ó ń jẹ èso, ó ń ṣojú kíkorò. Nígbà tó yá, ojú náà dẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn ọ̀nà fún mi: ilé tí wọ́n ń kun, ajá tó ń sùn lórí ọkọ̀ ẹni ẹlẹ́ni, obìnrin kan tó ń kí i láràárọ̀. Àdúgbò tó ti ń gbé láti ọjọ́ yìí ni o, ó ń ròyìn rẹ̀ bí ẹni tó ti ìlú òkèèrè dé.

Èrè tèmi nínú ọ̀rọ̀ náà ni bàtà. Ẹni tí ń wọ kẹ̀kẹ́ kì í jẹ bàtà, ṣùgbọ́n ẹni tó ń rìn ń jẹ gìgísẹ̀ bí eku. Gbogbo ìgbà ni mo ń pààrọ̀ àtẹ́lẹ̀ fún un. Mo sì ń gbowó rẹ̀ o. Mi ò tíì ya wèrè.

Àwọn ará ọ̀dẹ̀dẹ̀ kò fẹ́ràn ìyípadà yìí. Ẹlẹ́rìndòdò ti dáwọ́ dúró. Wọ́n ní ó ti di ahun. Èmi náà pè é bẹ́ẹ̀ lójú ara rẹ̀, ní ọjọ́ kan tí oòrùn mú.

"Owó ẹ̀yìn aṣọ ni, Oníbàtà," ló fi dá mi lóhùn, kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Mi ò lè fi dá àpò fún ẹ."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí fún bíi wákàtí kan. Lẹ́yìn náà mo lọ pọn omi tèmi.

Bí ọ̀sẹ̀ bá ti parí, yóò gbìyànjú ṣòkòtò náà lẹ́yìn aṣọ ìkélé ìsọ̀ rẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, orúnkún ló dé. Lẹ́yìn náà, itan. Lẹ́yìn náà ló gun ìdí, gbogbo wa sì pàtẹ́wọ́. Ibẹ̀ ló dúró sí. Owó ń pé lọ, ìyàwó rẹ̀ ti ń sọ pé ó kù díẹ̀, ṣùgbọ́n bọ́tìnnì àti ihò rẹ̀ kọ̀, wọn ò fẹ́ rí ara wọn. Ọ̀sẹ̀ dé, ọ̀sẹ̀ lọ, ìbàdí kò yí padà. Mo rí i pé ó ń sú ọ̀rẹ́ mi.

Mo ti ibi oúnjẹ dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo bá aṣọ ìkélé tó bo ojú ìsọ̀ rẹ̀. Mo gbọ́ ohùn kékeré kan, ṣẹ́rẹ́, ṣẹ́rẹ́. Ẹni tó bá ti jókòó ti télọ̀ pẹ́ á mọ ohùn abẹ nínú ojú ìrán. Mo ká aṣọ sókè. Ṣòkòtò dúdú náà wà lórí itan rẹ̀, inú rẹ̀ wà níta.

"Kí lò ń ṣe?"

"Kò sí."

"Kí lò ń tú?"

"Ìka kan péré ni, Oníbàtà. Ìka kan! Ta ni yóò mọ̀?"

"Àtẹ̀gùn Àǹtí ni yóò mọ̀," ni mo wí.

Mo já ṣòkòtò náà gbà. Ó fẹ́ gbà á padà, mo ti kọjá sápá tèmi. Mo mú abẹ́rẹ́ ńlá tí mo fi ń rán bàtà, mo mú òwú tí mo ti fi ìda pa, mo sì rán ìbàdí ṣòkòtò náà mọ́ ojú ìwọ̀n rẹ̀, ìrán méjì lórí ara wọn, bí ẹni ń rán bàtà sójà. Lẹ́yìn náà mo fi gọ́ọ̀mù lẹ àyè inú rẹ̀ pa. Kò sí abẹ tó lè tú u mọ́ kí aṣọ má ya.

Tú-u-díẹ̀ dúró lé mi lórí, ó ń wo iṣẹ́ ọwọ́ mi bí ẹni tí wọ́n lu ọmọ rẹ̀ lójú rẹ̀.

"Òwú bàtà!" ló kígbe. "Òwú bàtà lára aṣọ gidi! O bà mí jẹ́! Ọ̀tá ni ẹ́! Bí àwọn télọ̀ ẹgbẹ́ mi bá rí i ńkọ́?"

"Wọn ò ní rí i. Inú ló wà. Ṣebí inú lo ti máa ń ṣe tìẹ náà."

Ó bínú gan-an. Ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ kọ ẹ̀yìn sí mi, ó ń dá ìmọ́lẹ̀ ara rẹ̀ dí. Bí mo bá kí i láàárọ̀, ògiri ló ń dá lóhùn. Kí n má purọ́, ẹ̀rù bà mí. Mo rò pé mo ti ṣe é jù. Ṣé ẹnì kan lè fi òwú bàtà ba ọ̀rẹ́ ọjọ́ pípẹ́ jẹ́ báyìí?

Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé ọ̀nà mìíràn ló ti ń gbà wá. Obìnrin tó ń kí i láàárọ̀ ló sọ fún mi, nígbà tó gbé bàtà wá fún mi. Ó ní, "Kí ló dé tí ọ̀rẹ́ yín ti ń gba ọ̀nà òkè? Ó ń lọ yí po gbogbo ilé ẹ̀kọ́ kó tó sọ̀kalẹ̀." Mo wo ọ̀rẹ́ mi lẹ́yìn. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ́ẹ́rẹ́, mi ò tètè kíyè sí i nítorí ìjà.

Ní ọjọ́ tí ọ̀sẹ̀ parí, ó tún bọ́ sẹ́yìn aṣọ ìkélé. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó jáde, ṣòkòtò dúdú ló wọ̀. Kò sọ nǹkan. Ó rìn dé iwájú àpótí mi, ó fa àpótí ìjókòó oníbàárà, ó jókòó. Bọ́tìnnì kò já. Ó dìde, ó tún jókòó. Ó tẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ gbé nǹkan nílẹ̀.

"Oníbàtà," ló wí, ìgbà àkọ́kọ́ tí yóò bá mi sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ náà nìyẹn, "òwú ẹ ń họ mí lára o."

"Kó máa họ ọ́," ni mo wí. A bú sẹ́rìn-ín, a rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wa. Ó sáré lọ sí ibi iṣẹ́ ìyàwó rẹ̀ nínú ṣòkòtò náà. Ó sáré, mo ní. Mo fi ojú ara mi rí i.

Nọ́ọ̀sì wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó ní ó ti wálẹ̀, kó má ṣe dá oògùn dúró, kó máa sinmi lórí àtẹ̀gùn. Alájẹṣẹ́kù sanwó, wọ́n ra tíkẹ́ẹ̀tì méjì, wọn ò yá kọ́bọ̀. Kó tó lọ, ó parí aṣọ gbogbo oníbàárà, kò sí àsansílẹ̀ ẹnì kankan lọ́rùn rẹ̀. Mo sìn wọ́n dé ibùdókọ̀ ojú irin. Ìyàwó rẹ̀ kò tíì wọ ọkọ̀ ojú irin rí, ó mú ìjókòó ẹ̀gbẹ́ fèrèsé kí ẹnikẹ́ni tó pín in. Àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́, ẹ̀rín tó wà lójú obìnrin náà sì dà bíi pé ó ti rí ti erin.

Òun ló pè mí nígbà tí wọ́n dé. Ó ní ọkọ òun gun àtẹ̀gùn náà díẹ̀díẹ̀, ó ń sinmi níbi tí àtẹ̀gùn bá ti yí, kò sì fi ọwọ́ kan ògiri. Wọ́n kan ilẹ̀kùn. Àǹtí ṣí i, ó wo ọkùnrin náà láti òkè dé ilẹ̀.

"Ta lẹ ń wá?"

"Àǹtí, èmi ni."

"Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Àbúrò mi sanra ju báyìí lọ."

Nígbà tó wá dá ohùn rẹ̀ mọ̀, ó dì mọ́ ọn, ó sunkún. Lẹ́yìn tó sunkún tán ló kọjú sí ìyàwó: "Ìyàwó wa, kí lẹ fi ọmọ ṣe? Ṣé ẹ kì í fún un lóúnjẹ ni?" Ó wọ ilé ìdáná lọ. Gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ ló fẹ́ fi mú àbúrò rẹ̀ sanra kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Mo rẹ́rìn-ín títí, mo ní kó bá mi wo bọ́tìnnì náà dáadáa.

Ní ọjọ́ kejì, fóònù mi tún dún. Oníbàárà kan wà níwájú mi, ó ń dúró de bàtà rẹ̀. Mo gbé fóònù sétí, mo gbọ́ ariwo: ọkọ̀ ń fun fèrè, àwọn ọmọdé ń pariwo, ẹnì kan ń kígbe ọjà.

"Tú-u-díẹ̀, níbo lo wà? Ṣé o ti sá kúrò nílé Àǹtí ni?"

Òun kọ́ ló dáhùn. Ohùn obìnrin ni, ó ń mí díẹ̀ bí ẹni tó rìn.

"Oníbàtà, èmi ni. Ìta la wà."

"Ìta wo, Àǹtí?"

"Ìta ilé mi. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Àbúrò mi ló dì mí mú sọ̀kalẹ̀. Ó lọ níwájú, mo gbé ọwọ́ lé e léjìká, a ń sinmi. Oòrùn ń pa mí, mi ò sì fẹ́ kó kúrò."

Omi bọ́ lójú mi, ó bọ́ sórí bàtà oníbàárà. Inú mi dùn jọjọ, mi ò sì bìkítà nípa ẹni tó ń wò mí. Mo ní, "Ẹ kú oríire, Àǹtí. Ẹ máa gbádùn oòrùn yín."

"Ẹ dúró, mi ò tíì tán. Sílípáàsì inú ilé ni mo wọ̀ sọ̀kalẹ̀. Mo ti fi gbogbo bàtà mi tọrẹ, mo rò pé kò sí ibi tí n óo tún fi wọn lọ." Mo gbọ́ tó ń sọ fún ẹnì kan pé kó fa téèpù náà dáadáa, kó má máa rin òun ní àtẹ́lẹsẹ̀. Ó padà sórí fóònù. "Ó ti wọn ẹsẹ̀ mi. Ẹ bá mi ṣe bàtà kan, Oníbàtà. Ẹ fi àtẹ́lẹ̀ tó nípọn sí i."